Tòlótòló Tí Ó Fi Orí Rẹ̀ Kọ́ Àwọn Ọmọ Ní Àṣà Ìjẹṣu

Ẹfúnyẹlá, arúgbó aláró ní agbo ilé Agbọ́nmọ́ ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ni ó kọ́kọ́ pa àlọ́ yìí fún Bàbá Láoyè, nígbà tí Bàbá Láoyè fúnra rẹ̀ ṣì ń sáré kiri nínú agbo ilé láìwọ ẹ̀wù. Bàbá Láoyè náà ni ó wá pa á fún àwọn ọmọ agbo ilé kan náà, ní alẹ́ ọjọ́ tí a ó dárúkọ ní ìparí. Bí ó ti pa á nìyí.

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ẹ̀yin tí ẹ fara ti ògiri, ṣé oorun kò tíì gbé yín lọ? Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó fò pọ́nkán, ó ré àjà kọjá, ó balẹ̀ sórí Tòlótòló, olùkọ́ àwọn ọmọ ìlú Olókìtì."

"Kí ó balẹ̀ ire o!"

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹran jọ ń gbé ojúlé kan náà, tí àgùntàn ń kí ènìyàn ní "Ẹ kú iṣẹ́" tí ènìyàn sì ń dáhùn, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Olókìtì. Ní ìlú yìí, kò sí ọdún tí ó dùn tó Ọdún Ìjẹṣu. Ṣùgbọ́n iṣu tuntun kì í ṣe ohun tí ènìyàn kàn ń kì bọ ẹnu ní Olókìtì. Ó ní bí wọ́n ti ń ṣe é.

Ẹni tí ó bá fẹ́ súnmọ́ iṣu tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ bàtà, nítorí pé ilẹ̀ ni ìyá iṣu. A kì í fi bàtà tẹ ìyá mọ́lẹ̀ kí a tún máa retí oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, yóò kọjú sí iṣu èṣí tí ó ṣẹ́kù nínú àká, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé òun ni ó gbé ìlú dé òní. Ìgbà náà ni yóò tó bu iṣu tuntun, kì í sì í ṣe sí ẹnu ara rẹ̀, bí kò ṣe sí ẹnu ẹni tí wọ́n jọ jà kẹ́yìn.

"Bàbá," ni Ọ̀ṣúnníyì bèèrè láàárín àwọn ọmọ, "bí ènìyàn kò bá bá ẹnikẹ́ni jà ńkọ́?"

"Ìwọ ni o ń bèèrè? Ìwọ tí o bá èmi gan-an jà lánàá nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà?"

Ẹ̀rín sọ. Bàbá Láoyè ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà Olókìtì mọ àṣà yìí dáadáa. Àwọn ọmọ ni kò mọ ọ́n. Ní ọdún tí ó kọjá, ní ojú àwọn ọba mẹ́ta tí wọ́n wá bá Ọba Olókìtì ṣọdún, àwọn ọmọ ya wọ inú agbo tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Iṣu èṣí tí ó yẹ kí Ọmọ Ewúrẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jẹ ẹ́. Ìbídùn, ọmọbìnrin agbẹ́gilére, já iṣu tuntun gbà lẹ́nu Ọmọ Ewúrẹ́. Ọmọ Ewúrẹ́ sì kàn án ní ìdí, gbì! Àwọn ọba mẹ́ta náà rẹ́rìn-ín títí adé wọn fi yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ojú ti Ọba Olókìtì. Nígbà tí iṣu tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta lóko, ó pe gbogbo ìlú jọ.

"Ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ní àṣà kí ọdún tó dé?"

Kí Ọba tó pa ẹnu dé, Tòlótòló ti na apá sókè. Tòlótòló gbà pé kò sí ẹni tí ó gbọ́n tó òun ní gbogbo Olókìtì, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń retí ọjọ́ tí àwọn yòókù yóò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni, Kábíyèsí! Èmi ni!"

"N kò tíì parí ọ̀rọ̀ mi," ni Ọba wí.

"Èmi náà ni, Kábíyèsí! Ohun yòówù tí ó bá kù tí ẹ fẹ́ sọ, èmi ni!"

"Ó dára. Ohun tí ó kù tí mo fẹ́ sọ ni pé, bí àwọn ọmọ bá tún dójú tì mí lọ́dún yìí, ẹni tí ó kọ́ wọn ni a ó fi se ọbẹ̀ ọdún."

Tòlótòló wo ọ̀tún, ó wo òsì. Apá rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó fẹ́ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ti ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹnì kan kò pàtẹ́wọ́. Ìyá Alásè ni, obìnrin tí ó ń dáná fún Ọba. Itan Tòlótòló ni ó tẹjú mọ́.

"Ẹ kú oríire o, Olùkọ́," ni ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ata rodo ni ẹ fẹ́ràn ni, àbí ata ṣọ̀ǹbọ̀?"

"Ha!" ni àwọn ọmọ agbo ilé pariwo. "Obìnrin yìí burú o!"

"Kò burú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe."

Ní ọjọ́ kejì, Tòlótòló kó àwọn ọmọ jọ sí abẹ́ igi ìyeyè: ọmọ ènìyàn, ọmọ àgùntàn, ọmọ òkété, àti Ọmọ Ewúrẹ́ tí ó ṣì ń bá Ìbídùn yan odì. Ó wú ọ̀fun rẹ̀.

"Ẹ jókòó. Ẹ pa ẹnu dé. Ọ̀rọ̀ bàtà bíbọ́ pín sí ẹ̀ka mẹ́fà. Ẹ̀ka kìíní tún pín sí ọ̀nà mẹ́rin."

Ó sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí oòrùn ti yọ títí òjìji igi fi lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tí yóò fi dé ẹ̀ka kejì, àwọn ọmọ àgùntàn ti sùn lọ fọnfọn. Àwọn ọmọ òkété ti gbẹ́ ihò, wọ́n ti wọ inú rẹ̀ lọ. Ọmọ Ewúrẹ́ ti jẹ ìdajì ẹní tí wọ́n jókòó lé.

"Ó dára," ni Tòlótòló wí. "Ẹ dá mi lóhùn. Ní ọjọ́ ọdún, kí ni a kọ́kọ́ ń ṣe?"

"A máa ń jókòó!" ni àwọn ọmọ tí wọ́n kù dáhùn.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"A máa ń pa ẹnu dé!"

Inú bí Tòlótòló. Ẹ sì mọ bí tòlótòló ti ń ṣe tí inú bá bí i. Orí rẹ̀ pọ́n rẹ́rẹ́ bí epo tuntun.

"Yéè!" ni Ìbídùn kígbe. "Ẹ wo orí Bàbá Olùkọ́! Ó ti pọ́n!"

Àwọn tí wọ́n sùn jí. Àwọn ọmọ òkété yọrí jáde nínú ihò.

"Ó ti pọ́n! Ó ti pọ́n!"

Ìbínú lé Tòlótòló dìde. Ó dorí kọ ilé, àwọn ọmọ sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí ìgbà tí eégún bá jáde. Bí ó ti dé ẹ̀yìnkùlé ààfin, ó bá Ìyá Alásè tí ó ń fi yanrìn fọ ìkòkò ńlá kan.

"Ẹ káàbọ̀ o, Olùkọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbí díẹ̀. Mo fẹ́ wo bí ẹ ó ṣe wọ inú rẹ̀ láìjẹ́ pé a ká yín lẹ́sẹ̀ kò."

Ẹ̀rù ba Tòlótòló. Orí rẹ̀ funfun báláú bí ẹfun.

"Ó ti funfun!" ni àwọn ọmọ kígbe. "Ó pọ́n, ó funfun! Ó pọ́n, ó funfun!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu igbá, wọ́n ń jó. Tòlótòló yípadà láti bú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan sọ sí i lọ́kàn, ó sì dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

"Àwọn ọmọ yìí," ni ó wí fún ara rẹ̀, "kò rántí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí mo fi gbogbo ọjọ́ sọ. Ṣùgbọ́n wọ́n rántí gbogbo àwọ̀ tí orí mi yí sí, àti èyí tí ó ṣáájú, àti èyí tí ó tẹ̀lé e. Bí ó bá jẹ́ pé orí mi ni wọ́n ń kà, kí n kọ ẹ̀kọ́ náà sí orí mi!"

Ní ọjọ́ kejì, kò sí ẹ̀ka mẹ́fà mọ́. Tòlótòló dá orin ni. Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi gbè é. "Tòló-ǹ-tòló" ni ègbè yín.

Ojú mi pọ́n, ó pọ́n bí epo o,
*Tòló-ǹ-tòló!*
Bọ́ bàtà rẹ sí ẹ̀yìn agbo,
*Tòló-ǹ-tòló!*
Orí mi funfun bí ẹfun o,
*Tòló-ǹ-tòló!*
Kí iṣu èṣí kí o tó kí tuntun,
*Tòló-ǹ-tòló!*
Ọrùn mi dúdú bí aró o,
*Tòló-ǹ-tòló!*
Fi iṣu sẹ́nu ẹni tó bá ọ jà,
*Tòló-ǹ-tòló!*
Ìyẹ́ mi là, ó là gbàgàdà,
*Ọdún dé, ẹ jẹ́ ká jẹun!*

Wọ́n fi eré kún orin náà. Tòlótòló yóò máa yí agbo po, yóò máa ronú ohun tí ń bí i nínú, ohun tí ń bà á lẹ́rù àti ohun tí ń dùn mọ́ ọn, kí àwọ̀ rẹ̀ lè máa yí, àwọn ọmọ yóò sì máa wo orí rẹ̀. Bí ó bá ti pọ́n, bàtà á fò dànù. Bí ó bá ti funfun, wọ́n á yípadà bìrí, wọ́n á kí iṣu èṣí. Bí ọrùn rẹ̀ bá ti di aró, oníkálukú á fi ègé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́nu ẹni tí wọ́n jọ jà, nítorí pé iṣu tuntun kò tíì ṣeé jẹ. Ẹni tí ó bá pẹ́ yóò lọ jókòó sínú àmì róbótó kan tí wọ́n fà sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìkòkò Ìyá Alásè.

Eré náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi gbọ́n jù ú lọ. Wọ́n mọ orin náà sórí, wọ́n sì ń fi ojú dídì ṣe gbogbo rẹ̀. Ni Tòlótòló bá ronú ẹ̀tàn. Ó kọrin "Ojú mi pọ́n," orí rẹ̀ sì funfun. Gbogbo ọmọ bọ́ bàtà.

"Ẹ ti wọ ìkòkò!" ni Tòlótòló kígbe, ó ń fò sókè bí ọmọdé. "Ẹ ti wọ̀ ọ́! Òfin tuntun nìyí: ẹ má ṣe tẹ̀lé ẹnu mi. Orí mi ni kí ẹ máa wò. Bí ẹ kò bá rí orí mi, bí mo kọrin títí ilẹ̀ fi ṣú, kí ẹnikẹ́ni má mira!"

"A ti gbọ́, Bàbá Olùkọ́!"

Wọ́n sì gbọ́ lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹ̀tàn tí ó tún mú wọn.

Ọjọ́ ọdún pé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Tòlótòló dúró níwájú omi tí ó wà nínú àwo, ó ń wo ara rẹ̀.

"Ọba mẹ́ta ń bọ̀," ni ó wí. "Ṣé èmi, Olùkọ́ gbogbo Olókìtì, ni wọn yóò wá bá níhòhò, tí orí mi ń yí bí aṣọ aláró? Ó tì o."

Ó gbé agbádá ẹtù wọ̀. Agbádá náà gbá ilẹ̀ níwájú, ó gbá ilẹ̀ lẹ́yìn. Ó dé fìlà gọ̀bì tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi bo orí, tí ó bo etí, tí ó bo ọrùn. Ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó yọ.

"Bàbá, ṣé tòlótòló máa ń dé fìlà ni?"

"Ìwọ Ọ̀ṣúnníyì, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Rárá, Bàbá."

"Ẹfúnyẹlá wà níbẹ̀. Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀."

Tòlótòló wọ inú agbo. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé àga kan ni wọ́n fi aṣọ bò tí ó dìde tí ó ń rìn lọ. Àwọn ọba mẹ́ta jókòó. Ọba Olókìtì jókòó. Ìyá Alásè ti gbé ìkòkò ka iná ní ẹ̀gbẹ́ kan, omi ti ń hó. Àwọn ọmọ tò lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú bàtà ní ẹsẹ̀ wọn.

Tòlótòló gbé ohùn sókè pẹ̀lú iyì: "Ojú mi pọ́n, ó pọ́n bí epo o!"

"Tòló-ǹ-tòló!" ni àwọn ọmọ gbè. Kò sí ẹni tí ó mira.

"Bọ́ bàtà rẹ sí ẹ̀yìn agbo!"

"Tòló-ǹ-tòló!"

Kò sí ẹni tí ó bọ́ bàtà. Àwọn ọmọ ń wojú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìbídùn ṣẹ́jú sí Tòlótòló bí ẹni tí ó mọ àṣírí.

"Ẹ bọ́ bàtà!" ni Tòlótòló sọ láti abẹ́ fìlà.

"Bàbá Olùkọ́, ẹ kò lè rí wa mú lónìí!" ni Ọmọ Ewúrẹ́ dáhùn tayọ̀tayọ̀. "A kò rí orí yín. A kò ní wọ ìkòkò!"

"Ẹ̀yin kọ́ ni yóò wọ̀ ọ́!" ni Tòlótòló kígbe. "Èmi ni!"

Ọba Olókìtì sún síwájú lórí ìtẹ́ rẹ̀. Ọba kan nínú àwọn mẹ́ta fi abẹ̀bẹ̀ bo ẹnu. Ìyá Alásè ṣí ìdérí ìkòkò, ó wo inú rẹ̀, ó tún wo Tòlótòló.

Kí ni Tòlótòló yóò ṣe? Bí ó bá ṣí fìlà, iyì rẹ̀ lọ lójú ọba mẹ́ta. Bí kò bá ṣí i, òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ.

"Kí ó ṣí i!" ni àwọn ọmọ agbo ilé kígbe. "Bàbá, kí ó ṣí i!"

Ó ṣí i. Ó gbé fìlà sọnù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọbẹ tí ó wà lọ́wọ́ Ìyá Alásè ti bà á púpọ̀, orí rẹ̀ sì funfun báláú. Ní kíá, gbogbo ọmọ yípadà bìrí tòun ti bàtà, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ iṣu èṣí.

"Bàtà!" ni Ọba Olókìtì ké ramúramù.

"Kì í ṣe èyí!" ni Tòlótòló wí. "Ẹ dúró! Kí n kọ́kọ́ pọ́n!" Ó fẹ́ pọ́n, kò lè pọ́n. Ó sé èémí, kò pọ́n. Ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, kò pọ́n. Ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn ọmọ tí ó ti máa ń pàṣẹ fún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bú mi! Ẹ bú mi kí inú lè bí mi!"

Àwọn ọmọ da ojú bolẹ̀. "Ẹ dákun, Bàbá Olùkọ́," ni Ìbídùn wí. "Ọmọ kì í bú àgbà. Ẹ̀yin náà ni ẹ kọ́ wa."

"Ẹ gbàgbé èyíinì fún ìgbà díẹ̀!"

"A kò lè gbàgbé rẹ̀, Bàbá. Ẹ kọ́ wa dáadáa."

Omi ìkòkò ń hó kùtùkùtù. Ìyá Alásè fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ẹ gbọ́, Olùkọ́," ni ó wí, "igi mi ń jóná lásán. Kí n tilẹ̀ sọ òótọ́ fún yín: láti ọjọ́ tí mo ti ń wò yín, n kò rò pé ẹ ó dùn. Ẹran yín á le bí awọ bàtà. Bí mo bá fẹ́ jẹ ẹran gidi, pẹ́pẹ́yẹ ni mo máa ń wá."

"Èmi?" ni Tòlótòló wí. Ó dìde dúró. "Èmi ni n kò ní dùn? Èmi ni o fi wé pẹ́pẹ́yẹ? Pẹ́pẹ́yẹ tí ń fi ìdí rìn yẹn? Màá dùn ju gbogbo ohun tí o ti sè rí láyé rẹ lọ!"

Orí rẹ̀ pọ́n. Ó pọ́n bí epo, ó pọ́n bí ata, ó pọ́n ju bí ó ti pọ́n rí lọ.

"Ó ti pọ́n!" ni àwọn ọmọ kígbe. Bàtà fò lọ sẹ́yìn agbo bí ẹyẹ ẹ̀gà. Ọ̀kan balẹ̀ sí orí itan ọba àlejò kan, ọba náà sì di bàtà náà mú jẹ́jẹ́.

Tòlótòló rántí ohun tí ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, ó wo ìkòkò, orí rẹ̀ sì funfun. Àwọn ọmọ yípadà bìrí, láìwọ bàtà. "Iṣu èṣí, o ṣeun o!" Ohùn wọn ṣọ̀kan. Inú Tòlótòló dùn, ó dùn dé ọrùn, ọrùn rẹ̀ sì di aró. Oníkálukú mú iṣu tuntun. Ìbídùn wo Ọmọ Ewúrẹ́; Ọmọ Ewúrẹ́ wo Ìbídùn.

"Ya ẹnu," ni Ìbídùn wí.

"Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ yà á."

Àwọn méjèèjì ya ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà, iṣu wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, odì sì parí.

Ó wá ku ìyẹ́ tí yóò là. Ìyẹ́ Tòlótòló là, gbàgàdà! Agbádá ẹtù fàya láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, fààà! Apá ọ̀tún agbádá náà bọ́ sórí ìkòkò, apá òsì rẹ̀ bọ́ sórí igi. Tòlótòló dúró gedegbe láàárín agbo bí abẹ̀bẹ̀ ńlá, kò sí òwú kan lára rẹ̀.

"Ọdún dé, ẹ jẹ́ ká jẹun!"

Àwọn ọba mẹ́ta dìde, wọ́n ń jó. Ọba Olókìtì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Olùkọ́," ni ó wí, "o bọ́ lọ́wọ́ ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ kò tíì fi iṣu sẹ́nu ẹnikẹ́ni."

Tòlótòló mọ ẹni tí ó kàn. Ó bu iṣu, ó rìn lọ bá Ìyá Alásè, ó sì na ọrùn rẹ̀ jìnnà sí ọbẹ bí ó ti lè ṣe. Ìyá Alásè gbé ọbẹ sílẹ̀, ó ya ẹnu, ó jẹ iṣu náà. Ó bu tirẹ̀, ó fi sẹ́nu Tòlótòló.

"Ìyá Alásè," ni Tòlótòló bèèrè pẹ̀lú iṣu lẹ́nu, "ṣé lóòótọ́ ni n kò ní dùn?"

"Ẹ máa jẹun, Olùkọ́," ni Ìyá Alásè wí. "Ẹ má bèèrè."

Olú inú igbó, kì í ṣe ẹran, ni wọ́n fi se ọbẹ̀ ọdún náà.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ nìyí: ẹni tí ó bá fẹ́ fi àṣà lé ọmọdé lọ́wọ́, kí ó fi orin dì í, kí ó fi eré gbé e fún un, kí òun fúnra rẹ̀ sì bọ́ sínú agbo. Àgbà tí ó bá ń fi ìgbéraga bo ara, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ó ń bò mọ́lẹ̀.

Ibi tí mo ru àlọ́ mi dé nìyí, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wọ̀ọ̀. Bí mo bá purọ́, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ èrìgì. Bí n kò bá purọ́, kí ẹnu mi dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta: pọ́! pọ́! pọ́!

"Ó dún, Bàbá! Ó dún!"

Ní agbo ilé Agbọ́nmọ́, Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ògún, ọdún 1987. Àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ jẹ́ mẹ́tàdínlógún: ọmọdé mẹ́tàlá, àgbà mẹ́ta, àti àgbò kan tí kò sí ẹni tí ó pè é.